Ohùn Àwọn Ọ̀rẹ́ Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dákú

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni a fi ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, a sì tún ń kùn pé ẹran kéré. Lónìí, níbí ní Ìlá, lítà epo bẹntiróòlù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹgbẹ̀rún náírà tán lọ́wọ́ ẹni. Epo tí mo ń dà sí jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí n lè tan kọ̀ǹpútà mi, owó rẹ̀ ìbá bọ́ mi yó ní gbogbo ọdún tí mo lò nílé ìwé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tí mo bá ti da epo náà tán, kọ̀ǹpútà á tún kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ti dàgbà ni. Ọmọ mi tó wà ní Èkó ló gbé e wá fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni àìsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. N óò tàn án, yóò jí, ara rẹ̀ yóò dá ṣáṣá. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi di búlúù, ni yóò bá dákú. Àyà mi náà á sì já.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo ń bẹ̀rù fún. Àwa márùn-ún ni a jọ wọ yunifásítì lọ́dún kan náà láti agbègbè yìí: ọ̀kan láti Ọ̀rà, ọ̀kan láti Ọ̀tan, ọ̀kan láti Òkè-Ìlá, èmi àti ọmọ télọ̀ kan láti Ìlá níbí. Nígbà tí gbogbo wa fẹ̀yìn tì, a máa ń pàdé lábẹ́ máńgòrò ilé mi ní ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde. Lọ́dún kan, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ní kí olúkúlùkù sọ bí ó ṣe kúrò nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì sọ ọ́ ní Ìgbómìnà gidi, irú èyí tí àwọn ọmọ wa kò gbọ́ mọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi gbà á ti bàjẹ́ tipẹ́. Méjì nínú wọn ti kú láti ìgbà náà, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan sì ni ohùn wọn kù sí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Ó wò ó, ó ní kò ṣòro, òun á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, òun á tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì dà bíi tuntun. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo padà sílé. Ọmọ mi ní kí n fi í ránṣẹ́ sí Èkó. Mo ro ti kòtò ojú ọ̀nà, mo ní rárá. Mo ra sítébíláísà, nítorí mo rò pé iná tó ń lọ sókè sódò ló ń ṣe é. Sítébíláísà ń ké fíìn-ín, kọ̀ǹpútà ń dákú.

Nígbà tí ọgbọ́n mi pin, mo pe ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Òkè-Ìlá. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ó ti ṣe olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó bá wa wọ yunifásítì, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Fíṣíìsì ló kà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán, sà. Ó tún ti kú o."

"Ta ló kú?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ní ọjọ́ orí wa yìí, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyẹn. Tàn án, kí o gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu, etí mi kò ṣe nǹkan kan."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fetí sí i.

"Ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Kí lo dà bò ó?"

 Aṣọ òwú funfun kan ni, tí ìyàwó mi fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun, tó ṣe òdòdó sí etí rẹ̀ yíká. Nígbà ayé rẹ̀, bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà tán ni yóò bò ó nítorí eruku. Láti ìgbà tó ti lọ, n kì í lè ṣí i kúrò. Mo kàn ń ká iwájú rẹ̀ sókè kí n lè rí ibi tí n óò tẹ̀ láti tàn án.

"Aṣọ ìyá àwọn ọmọ ni, sà."

"O fi aṣọ bò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́?"

"Eruku ọyẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀rọ tí ooru ń pa, o wọ ẹ̀wù òtútù fún un! Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn, ẹ ò mọ̀ ju ọdún tí ọba wàjà lọ." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn náà. "Mo mọ ẹni tó hun ún. Ká a dáadáa. Tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí rẹ."

Mo ká a. Mo tú ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà bó ṣe ní kí n tú u. Eruku ti di bí òwú sára fáànù inú rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, mo tún un tàn. Ó jí, kò kú, àmọ́ fáànù náà ń pariwo bí ẹni ń lọ àgbàdo gbígbẹ. Mo tún gbé fóònù sún mọ́ ọn.

"Ó ti jìyà jù," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ pátápátá. Ohun tí o bá fẹ́ gbé nínú rẹ̀, gbé e nísinsìnyí."

Mo ki fúláàṣì tí n óò kó ohùn wọn sí bọ̀ ọ́. Mo ní ti Ẹ̀gbọ́n ni n óò kọ́kọ́ gbé, nítorí òun ni àgbà.

"Rárá o. Àwọn tó ti lọ ni kí o kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó bá ti kú ti di ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn wọn, gbé ti ará Ọ̀tan, torí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ṣì ní ẹnu."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Ìlà kékeré kan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín, èmi náà ń wò ó, n kò lè jókòó. Ti ará Ọ̀rà kọ́kọ́ wọlé: obì ni ìyá rẹ̀ tà kí ó tó rí owó ọkọ̀. Ti ọmọ télọ̀ tẹ̀ lé e: baba rẹ̀ rán ṣòkòtò tó gùn jù fún un, ó ní kí ó máa dàgbà bá a lọ́hùn-ún. Ti ará Ọ̀tan wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá lọ kí i báyìí, ọwọ́ mi ló máa ń dì mú.

Ó wá ku ti Ẹ̀gbọ́n. Ìlà náà rìn dé ìdajì, ó dúró. Òórùn nǹkan tó ń jóná gba inú yàrá. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, kò sì jí mọ́, títí di òní.

Ìpè wa ti já, n kò mọ ìgbà tó já. Mo pe Ẹ̀gbọ́n padà. Kò wọlé. Mo tún pè é, mo tún pè é. Mo mọ̀ pé irú èrò tó wá sọ́kàn mi kò yẹ ẹni tó kàwé, àmọ́ ó wá: mo ti fi àgbà sẹ́yìn, ẹ̀rọ sì ti kú pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo dá ọ̀kadà dúró, mo ní Òkè-Ìlá. 

Abẹ́ igi furúǹtù ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Ẹ̀gbọ́n! Fóònù yín kò wọlé!"

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀ títí tó fi kú. Iná kò sì sí." Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá. "Ṣé o sáré wá wò bóyá mo ti tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà ni?"

 Ó fọwọ́ wá àga kan, ó fà á wá fún mi, ó bu iṣu lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé tirẹ̀ kò wọlé, ó ní ìyẹn náà ni mo ń sáré lé lórí? Kí n mú fóònù tèmi jáde.

Mo gbé e sórí itan rẹ̀, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn. Ó kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì.

"Ká kọ́kọ́ pe orúkọ ná. Ará Ọ̀rà?"

"Ó ti lọ, sà."

"Ọmọ télọ̀?"

"Ó ti lọ."

"Ará Ọ̀tan?"

"Ó wà. Kò lè dáhùn ni."

"Èmi wà. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà, sà."