Ààrò Irin Tó Gba Ìkòkò Ojoojúmọ́

Ìgbà tí mo ṣì kéré ní àdúgbò Yantala, lẹ́yìn odi, èéfín igi ló máa ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Lásìkò ọyẹ́, ètè gbogbo wa á ti bó, a ó kó ara wa jọ sí ilé ìdáná, a ó máa yáná de ògì jéró tí Màmá ń rò. Èmi Ṣadé ni mo máa ń fẹ́ná. Bí iná bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, Màmá á fà mí létí, bẹ́ẹ̀ ojú mi á ti pọ́n tẹ́lẹ̀.

Bùnmi àbúrò mi ni èéfín náà ń bá jà jù. Nọ́ọ̀sì sọ fún Bàbá pé bí èéfín ò bá dín kù, ikọ́ ọmọ náà ò ní lọ. Bàbá ní bí ọyẹ́ bá parí tó ṣì ń wúkọ́, òun á gbé e lọ bá ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó máa gbé ibẹ̀. Èmi àti Bùnmi la jọ ń sùn lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun.

Bàbá náà ò kúkú fẹ́ kó lọ. Ó gba Lazaret lọ, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe ààrò irin tí wọ́n ń kì bọ inú ààrò amọ̀. Bí ìkòkò bá ṣe tó ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa: ará ilé yòówù tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń dé sí. Ìkòkò ọdún Kérésì ni Bàbá rò, ó bá ra èyí tó tóbi jù.

Màmá gbé ìkòkò ògì lé e. Ìkòkò rì wọnú rẹ̀, iná ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, èéfín wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bùnmi wúkọ́ títí ó fi bì. Bàbá ní kí Màmá ní sùúrù, pé bí àlejò bá dé, a ó rí ìwúlò rẹ̀.

Màmá ní, “Bàbá Ṣadé, àlejò ò tíì dé. Ọmọ yín ló ń wúkọ́ yìí.”

Bàbá dìde. Ó yọ ààrò náà, ó gbé e. Màmá fọ ìkòkò ògì, ó gbé e lérí, gbogbo wa wọ takisí. Èrò inú ọkọ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ọbẹ̀ ti délẹ̀. Ní Lazaret, Màmá ń ki ìkòkò rẹ̀ bọ ààrò kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi rí èyí tí ìka kan ṣoṣo lè gbà kọjá láàárín rẹ̀ àti ìkòkò. Òun la gbé bọ̀.

Igi díẹ̀ ló ń jẹ, èéfín rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Díẹ̀díẹ̀ ni ikọ́ Bùnmi ń rọlẹ̀. Ọyẹ́ parí, a retí kí Bàbá dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò dárúkọ ẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí àwọn àlejò Kérésì dé, orí òkúta níta la ti se tiwọn, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Gáàsì ni púpọ̀ nínú wa ń lò báyìí. Àwọn ọmọ wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń la igi, mi ò sì bínú sí wọn. Bùnmi ń gbé nítòsí mi, òun ló ń dá orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó dá orin kan tó gùn, tó sì ga. Mo gbójú sókè, mo ń dúró de ikọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé e délé.