Ààwẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Mo rántí ìgbà tí n kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Aránṣọ ni mí ní ọjà Marché Congo, ìka mi ló ń bọ́ mi, àmọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀ ló wú. Dókítà ní lúpọ́ọ̀sì ni, pé ohun tó yẹ kó máa lé àrùn jáde lára mi ló kọjú ìjà sí mi. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì wẹ́wẹ́ nínú iṣan mi, oògùn nìkan kò kápá rẹ̀ mọ́. Wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn máa fa ẹ̀jẹ̀ mi gba inú ẹ̀rọ kan, kí wọ́n yọ omi rẹ̀ tí ìjà wà nínú rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì dá ìyókù padà sí mi lára. Wọ́n máa ṣe é léraléra ni. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni, n kò ráyè ikú.

Nínú ìjọ wa nígbà náà, ẹni tí ìṣòro bá dé bá ló máa ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kò ní fi omi kan ẹnu. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ìyá ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa, ń gbé oúnjẹ wá fún mi láti ilé rẹ̀ ní Japoma, mo sì ń gbé e fún obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì. Lójú tèmi, bí ètè mi bá ṣe gbẹ tó ni àdúrà mi ṣe máa tètè gòkè tó. Ajagun ńlá ni mo ka ara mi sí.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo rí omi ara mi nínú àpò, ó rí bí òróró. Lójijì òòyì kọ́ mi, ojú mi ṣókùnkùn. Nọ́ọ̀sì sáré dá ẹ̀rọ dúró, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè.

“Madam, you don chop?”

“No. I dey fast.”

“Water nko?”

Mo mi orí.

“Weh! If you no chop, you no drink, we no fit continue.”

Mo sunkún gan-an. Ẹ̀rù bà mí: bí mo bá jẹun, kí ni mo fẹ́ gbé síwájú Ọlọ́run? Nígbà tí Ìyá ìjọ dé, ó jókòó tì mí.

“Gbé ààwẹ̀ yẹn fún mi,” ó ní. “Iṣẹ́ tìẹ ni kí o jẹun.”

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja wá, ètè tirẹ̀ ti gbẹ. Ó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dópin. Àwọn obìnrin ìjọ ń pín ààwẹ̀ náà gbà láàárín ara wọn títí ìtọ́jú fi parí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti padà sídìí máṣíìnì mi. Àìsàn náà kò lọ pátápátá, mo ṣì ń lo oògùn, dókítà sì ti ka ààwẹ̀ léèwọ̀ fún mi. Láìpẹ́ yìí, wọ́n dá Ìyá ìjọ náà dúró sí ilé ìwòsàn. Mo gbé oúnjẹ lọ, mo ní, “Màmá, ẹ jẹun, èmi ni mo máa gba tiyín.”

“Ìwọ kẹ̀?” Ó fa abọ́ sáàárín wa. “Bọwọ́ síbẹ̀.”

A jọ ń jẹ ẹ́. Ọmọ mi tó ń kọ́ ìrìn nígbà náà ti ga jù mí lọ báyìí, òun náà jókòó tì wá. Mo na ẹja sí i, ó dá ọwọ́ mi padà.

“Non, Maman,” ó ní. “Èmi ni mo gba ààwẹ̀ náà.”