Ohun Tí Wọ́n Ní Kí Ọmọ́yẹni Sọ

Ọdún 1982 ni Ọmọ́yẹni dé ilé kan ní Okokomaiko, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbà. Ilé ọtí ni nígbà náà. Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí tó ni ín ní kó wá máa se ẹran ewúrẹ́ aláta fún àwọn oníbàárà, ó sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ń gbé Navy Town ń wá mu bíà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ran. Kò bá ìkankan nínú wọn ṣe nǹkan kan ju kó bu ẹran fún wọn lọ.

Nígbà tí bíà gbówó lórí, àwọn oníbàárà fọ́n ká. Bàbá gbé fídíò wọlé, ilé ọtí di ilé fíìmù. Ọmọ́yẹni ń gbálẹ̀, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Fídíò náà bàjẹ́. Àwọn oníṣòwò ọjà Alaba háyà ilé náà, wọ́n kó páálí fíríìjì kún inú rẹ̀, Ọmọ́yẹni ń ṣọ́ páálí. Ẹni tó bá ti gba ilé, á bá a níbẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá ògiri. Kò ní ibòmíràn tó lè forí lé.

Ní 1996, Bàbá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé fún ìjọ kan. Pásítọ̀ Gbádébọ̀ kun ògiri ní funfun, ó sọ káńtà ọtí di pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ọjọ́ Àìkú la máa ya ilé yìí sí mímọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù nínú àwọn ará àtijọ́. A fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí."

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Ayé tí ẹ jẹ níbí kí Olúwa tó gbà yín. Àwọn ọkùnrin."

"Ẹran ni mo máa ń sè, Pásítọ̀."

Ìyàwó Pásítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló fẹ́ pariwo halelúyà fún ẹran ewúrẹ́?"

Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn alàgbà fẹ́ fi yàrá yín ṣe ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ Àìkú."

Ní ọjọ́ Àìkú, Ọmọ́yẹni gba máíkì. Mojísọ́lá tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì títì wà níwájú, òun àti ọkọ rẹ̀, Ọládélé. Ọdún mẹ́wàá ni Mojísọ́lá àti Ọmọ́yẹni ti jọ ń jẹun pọ̀.

"Mo bá ọkùnrin sùn nínú ilé yìí," ni Ọmọ́yẹni wí.

"Ṣé wọ́n pọ̀, Mọ́mì?" Pásítọ̀ bi í.

"Wọ́n pọ̀."

Ìjọ hó yèè. Mojísọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Ọládélé fi ń mutí níbẹ̀ láyé ìjọsí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ẹran nìkan ló rà lọ́wọ́ obìnrin náà rí. Ó tẹrí ba. Mojísọ́lá dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò dá Ọmọ́yẹni lóhùn mọ́.

Káfíńtà wá lọ́jọ́ Ajé, ó tún ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣe fún Ọmọ́yẹni. Pásítọ̀ dúró tì í. Ó ní Mọ́mì sọ̀rọ̀ dáadáa, kó tún un sọ lóṣù tó ń bọ̀, àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Ọmọ́yẹni ní òun ti gbọ́.