Móòlù Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ọdún tí àwọn ìbejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni mo padà sídìí ìwé. Mo ti fìdí rẹmi nínú kẹ́místìrì nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kò sì gba ẹni tí kò bá ní in. Mo wá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Rumuokwurushi, àdúgbò tí à ń gbé. Tíṣà ibẹ̀ kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: tí mi ò bá yege nínú tẹ́ẹ̀sì òun lọ́jọ́ Ẹtì, òun ò ní forúkọ mi sílẹ̀ fún ìdánwò.

Lọ́jọ́ Rú, ó bi mí pé tí móòlù méjì CaCl₂ bá yòrò sínú omi, móòlù íónì mélòó la máa rí, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín tó máa ń tú kúrò lára ara wọn nínú omi. Iyọ̀ ọbẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Sodíọ́mù kan, kiloráìdì kan, ó parí. Mo dáhùn pé mẹ́rin.

Tíṣà wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Mama Ejima, you don forget one pikin for house."

Ejima ni àwọn ará ibí ń pe ìbejì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí wọra. Èmi tí mi ò lè ra bàtà fún ọ̀kan kí n má ra ti èkejì! Kálísíọ́mù kan, kiloráìdì méjì: mẹ́ta ló ń jáde lára ẹyọ kan. Mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà.

Nílé, ọkọ mi ní kí n rọra, ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà.

Mo ní, "Ọdún tó ń bọ̀ yìí, ọdún mélòó la ti ń pè é?"

Ó kó àwọn ọmọ lọ wẹ̀ fún wọn, mo ṣí ìwé mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, móòlù mẹ́ta Al₂(SO₄)₃ ló gbé ka iwájú wa. Mo ti ń ka ọ́síjìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó dáwọ́ dúró. Súlféètì kì í tú nínú omi. Ọ́síjìn rẹ̀ so mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já pọ̀n. Ibi tí ìyá bá lọ, ibẹ̀ lòun náà ń lọ. Alumíníọ́mù méjì, súlféètì mẹ́ta, ó di márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta. Mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Tíṣà máàkì ìwé mi lójú mi. Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kí n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì wá lọ́jọ́ Ajé fún fọ́ọ̀mù ìdánwò.

Mi ò dúró dọjọ́ Ajé. Láti ibẹ̀ ni mo ti yà sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, pẹ̀lú yíǹkì bíírò lọ́wọ́.