Òwú Pupa Lára Ọ̀bọ̀kún

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Theophilus Adéníran Abọ́dúndé. Ní ọdún 1974, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, ọmọ bíbí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ó jẹ́ pé omi tí ó jìn jù lọ tí ó rí ní kékeré ni ti inú àmù ìyá rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe di onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun kò yé àwọn ará ilé rẹ̀. Kò mọ odò wẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti mì báyìí, apá Ìbíkúnlé, atukọ̀ rẹ̀, ni yóò dì mú.

Surulere ni òun àti Caroline ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ní Ìwáyà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ọ̀bọ̀kún tí ń dàgbà nínú ọ̀sà a máa jáde lọ sínú òkun. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì sì ti là á mọ́lẹ̀: bí kò bá rí ẹ̀rí mú wá kí Kérésìmesì tó dé, ọkọ̀ àti atukọ̀ di ti ẹni tí ń ṣe ìwádìí akàn.

Abọ́dúndé ra òwú pupa. Ẹja tí ó bá mú, yóò fi abẹ́rẹ́ gba inú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò ta òwú ní kókó, yóò sì dá a padà sómi.

“Dókítà, ṣé irun lẹ ń kó fún un ni?” Ìbíkúnlé bi í.

“Àmì ni. Ẹni tó bá rí ẹja olówùú pupa níbikíbi, kó wá sọ fún mi.”

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi ń rọ́ wọlé. Wọ́n rí ẹja olówùú pupa ní Oto. Wọ́n rí i ní Mushin. Wọ́n rí i ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, níbi tí kò sí omi kankan bí kò ṣe ti inú gọ́tà. Abọ́dúndé kò mikàn. Ó ya àwòrán ọ̀nà tí ẹja ń tọ̀, ó fa ìlà kan gba inú gọ́tà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kọjá, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún ìwádìí síwájú sí i.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, Caroline ti ọjà Oto dé, ó ju pánlá kan sórí tábìlì, ó dún gbà bí igi. Òwú pupa wà nídìí ìrù rẹ̀.

“Bàbá Mobọ́lá, ẹ wá wo ẹja yín.”

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. “Pánlá nìyí.”

“Mo mọ̀.”

“Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó o wá. Kò tilẹ̀ lórí!”

“Bóyá inú gọ́tà ló sọ orí nù sí.”

Abọ́dúndé kò jẹun kí ó tó gba Oto lọ. Ó bá Sìdíkàt, ẹni tí ó ta pánlá náà, tí ó ń so òwú pupa mọ́ ẹja àrọ̀ nídìí ọjà rẹ̀.

“Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí?”

“Ẹ káàbọ̀, sà! Àwọn oníbàárà ló ní ẹja tí dókítà yunifásítì ti yẹ̀ wò làwọn fẹ́. Èyí tí kò bá lówùú, ọwọ́ mi ló máa rà sí.”

“Èmi ni dókítà náà! Mi ò yẹ pánlá kankan wò!”

Sìdíkàt wò ó láti orí dé bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ Ìwáyà bò. “Ẹ̀yin kọ́, sà. Dókítà tiwa ga.”

Ó rò ó dé ilé. Àmì tí ó bu ẹwà kún ẹja ni ayé ń ṣe àfarawé rẹ̀. Ta ni yóò fara wé àbùkù? Láti ọjọ́ náà, ó pa òwú tì, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì ń gé lẹbẹ ẹ̀yìn ọ̀bọ̀kún sí ààbọ̀.

Ìròyìn dákẹ́ lọ gbáà. Oṣù kejìlá wọlé, ẹni tí ń ṣe ìwádìí akàn sì ti ń wá wo ọkọ̀ náà. Àfi bí apẹja kan tí ń jẹ́ Jethro ṣe já wọ ọ́fíìsì Abọ́dúndé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja.

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń gé ẹja lára! Àwọn oníbàárà ní ó ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó rà á!”

“Níbo lẹ ti pa á?”

“Ojú òkun ńkọ́! Gbogbo wa tá a wà lọ́hùn-ún là ń bínú sí yín!”

“Gbogbo yín?” Abọ́dúndé fò dìde, ó dì mọ́ ọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ wá bá mi jà. Kí oníkálukú mú ẹja tirẹ̀ dání!”

Wọ́n wá, wọ́n sì jà dáadáa.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá, ọdún 1974, ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ Abọ́dúndé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, bí ó ti ń fi ayọ̀ fò wọ inú ọkọ̀ náà ní Ìwáyà, ó já sínú ọ̀sà, àwọ̀n ọ̀bọ̀kún sì ni Ìbíkúnlé fi kó o jáde.