Ẹrù Òyìnbó ní Ẹ̀bá Ọ̀nà Ìpinlẹ̀

Ní ọdún kejì tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí, Ẹfúnwùmí ru èkùrọ́ lọ tà ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni ó fi rìn láti Àjá-Wẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ ni èkùrọ́ náà. Ilé ọkọ ló ni epo; obìnrin tó pa èkùrọ́ ló ni èkùrọ́.

Etí ọ̀sà ni ó ti rí ẹrù náà. Òyìnbó kan ti padà sí ìlú rẹ̀, àwọn tó ń bá a fọṣọ sì ń ta ohun tó fi sílẹ̀: abọ́ tánńganran tí ọ̀dà etí wọn ti bó, ọ̀bẹ èèkù funfun, fìtílà, ìgò, kóòtù méjì, agboòrùn kan tí egungun rẹ̀ kan ti dá. Ẹfúnwùmí gbé abọ́ kan, ó fi èékánná kàn án. Ó dún gooro. Kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní Àjá-Wẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, owó èkùrọ́ tó kó jọ fún ọdún méjì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrù sì ti wà lórí rẹ̀.

Kò rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Abọ́ ń dún nínú ẹrù, òun ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ni ẹkù, ihò ńlá tí àwọn obìnrin ilé ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ epo. Nínú wọn, ẹsẹ̀ Ẹfúnwùmí ló yá jù. Ìyá wo ẹrù tó tú sílẹ̀.

"Kí ni a ó fi gbogbo èyí ṣe?"

"Mo fẹ́ máa tà á ni, ìyá. Bí ó bá tán, n ó padà lọ ra òmíràn."

"Ta ni yóò wá máa tẹ epo?"

Ẹfúnwùmí yíjú sí ọkọ rẹ̀. Fábíyì ń pọ́n àdá lẹ́bàá ògiri. Kò gbé ojú sókè.

"Ọjà méjì," ni ìyá wí. "Bí ẹrù yìí bá ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọjà méjì, o ó padà sínú ẹkù, n kò sì ní gbọ́ orúkọ Àjàṣẹ́ mọ́."

"Mo gbọ́, ìyá."

Lójú Ẹfúnwùmí, ọjà kan ṣoṣo ti tó láti tà á tán.

Lọ́jọ́ ọjà, ó tẹ́ ẹní tuntun. Ó ti fọ àwọn abọ́ títí wọ́n fi ń dán. Ó tò wọ́n sórí ẹní, ó ká kóòtù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọ̀bẹ àti fìtílà sí àárín, ó jókòó tì wọ́n. Èrò ń dúró lókèèrè. Wọ́n ń wò, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá arúgbó kan tó wá láti Oko-Àkàrè, Fákẹ́yẹ, ṣí fìlà, ó sún mọ́ ọn.

"O kú àràfẹ́rakù, ọmọ mi."

"Ta ló kú, bàbá?"

"Ìwọ ni à ń bi."

Àgbékẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

"O ò rí ohun tí o ṣe? Ẹní, aṣọ tí a ká, ọ̀bẹ, abọ́ ìjẹun. Ṣé kì í ṣe báyìí ni a to ẹrù bàbá mi lọ́jọ́ tí a pín in? Díẹ̀ ló kù kí n bèèrè ìpín tèmi."

"O rí i, o ò sì sọ fún mi."

"Mo rò pé òyìnbó náà ló kú."

"Kò kú. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ni."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun lọ́jà, kó máa ra abọ́ tí ẹlòmíràn ti jẹun nínú rẹ̀? Kí àwọn orogún mi lè fi mí kọrin?" Bí ó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abọ́ kan tó ní òdòdó aláró létí.

Ẹfúnwùmí rí ojú náà. Kò ta ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń di ẹrù, ó ń rántí àwọn tó dúró lókèèrè. Irú ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Wọ́n fẹ́ ọjà náà. Wọn kò kàn fẹ́ kí a rí wọn ni.

Lọ́nà ilé, ó kọjá lára ọsàn tí àgbẹ̀ kan kó sórí ewé ní ẹ̀bá ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó tì í. Ojoojúmọ́ ni ó ń rí irú rẹ̀: òkúta ni yóò sọ iye owó; ẹni tó bá fẹ́ á gbé ọjà, á fi owó sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń jí i. Ẹfúnwùmí dúró. Ó ka òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó kó ẹrù sínú agbọ̀n, ó gba ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ìpinlẹ̀. Ó gbé abọ́ kan sórí ewé níbí, ọ̀bẹ kan sí kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, agboòrùn sí ìdí ọ̀pẹ. Kò jẹ́ kí méjì pàdé. Ó to òkúta ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó padà sínú ẹkù.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ni ìyá bi í. "Ijó lò ń jó ni?"

"Epo ni mò ń tẹ̀, ìyá."

"Ẹsẹ̀ rẹ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó sáré lọ. Lórí ewé àkọ́kọ́, abọ́ kò sí. Owó ẹyọ ló wà níbẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí adìyẹ má baà tú u ká. Ọ̀bẹ ti lọ. Abọ́ olódòdó ti lọ, hóró iyọ̀ díẹ̀ wà láàárín owó. Nínú oko àgbàdo, bàbá Fákẹ́yẹ ń lọ lábẹ́ agboòrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oòrùn, kò sí òjò. Ẹfúnwùmí sá sẹ́yìn ọ̀pẹ kí ojú má baà ti bàbá. Ó fi ìborùn di ẹnu ara rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Nígbà tí ọjà kejì fi pé, ó ku kóòtù kan. Ó mú un dání lọ sí ẹkù. Ìyá jókòó, ó ń gé ìdì ẹyìn. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ ní èèkù funfun. Ẹfúnwùmí mọ ọ̀bẹ náà.

"Kí lò ń wò?"

"N ò wo nǹkan kan, ìyá. Kóòtù kan ló kù."

"Fábíyì á máa wọ̀ ọ́ lọ sóko."

Fábíyì gbé ojú sókè kúrò lára àdá. "Èmi?"

"Òtútù máa ń mú ọ." Ìyá gé ìdì ẹyìn kan sí i, ó wo ẹnu ọ̀bẹ. "Ìgbà wo lò ń lọ sí Àjàṣẹ́?"

"Lọ́la, bí ẹ bá gbà."

"Bá mi wá irú èyí méjì. Má gbé e wá sílé o. Ẹ̀bá ọ̀nà ni kí o gbé e sí."