Ihò tí Màámi Dí

Omi ẹ̀rọ kì í ṣeé gbọ́kàn lé ní Lagos Town, àdúgbò wa níbí. Nígbà tó ku ọ̀la ká sọ ọmọ mi lórúkọ, Màámi wọkọ̀ lọ sí ọjà Lapaz, wọ́n sì ra dúrọ́ọ̀mù búlúù ńlá kan bọ̀. Ìdí ẹ̀ lu. Ṣé Màámi wá máa torí ihò ju nǹkan nù ni? Wọ́n yọ́ ike sí i, wọ́n dí i pa, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ní ká pọn omi kún un. Mo ní, "Màámi, ẹ kúkú ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀." Àwọn náà bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ti kún. Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, abọ́ omi tí a bù nínú dúrọ́ọ̀mù wà níwájú wọn. Omi la kọ́kọ́ máa ń fi kan ọmọ tuntun lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ti ki ìka bọ inú abọ́ nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kàn án lẹ́nu!"

Inú kọ́kọ́ bí mi. Irú ìwọ̀sí wo lèyí, lójú àlejò? Àfi ìgbà tí mo rí i tó di ọwọ́ Bàbá mú pinpin. Ó ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ góòlù lára òkúta ló máa ń wà nínú irú dúrọ́ọ̀mù búlúù tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, májèlé paraku ni. Tó bá ti tán, dúrọ́ọ̀mù ọ̀hún kò gbọdọ̀ jáde níbi iṣẹ́.

"Àwa la máa ń lu ìdí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọn omi. Mi ò mọ ẹni tó jí i tà. Ta ló dí ihò yẹn?"

Ẹnì kan gbé abọ́ omi náà, ó fẹ́ dà á sí gọ́tà. Àbúrò mi tún figbe ta: "Ẹ má dà á síbẹ̀!" Níbo la wá fẹ́ dà á sí? Dúrọ́ọ̀mù sì kún dẹ́nu lẹ́yìn ilé.

Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò tíì kan ọmọ lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n rọra sọ̀rọ̀.

"Omi dúrọ́ọ̀mù yẹn ni mo fi wẹ ọmọ láàárọ̀."

Yéè, mo gbé! Mo já ọmọ gbà, mo tú aṣọ lára ẹ̀, mo ń fimú wá òórùn kẹ́míkà lórí, lọ́rùn, lábíyá. Òórùn ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n tó bá ti húkọ́ péré, màá tún gbé imú lé e lórí.